Bí Mo Ṣe Mú Bàbá Lọ Pàgọ́ Létí Adágún

Ilé Ìyàndá, Ẹ̀yìn Ọjà,
Erúnmu,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Èrèlé, 2025.

Dorothy, ọmọ Bàbá Lànà, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọlámipọ̀sí ọmọ yín ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ tó yọ ti hù padà, àbí ó ṣì ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀gá rẹ tó máa ń bínú láti àárọ̀ Ọjọ́ Ajé yẹn, ṣé ó ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀? Àwa níhìn-ín ń dúpẹ́. Ọyẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́, ètè wa tó bẹ́ sì ti ń san. Aṣọ tí mo fẹ́ rán fún àwọn akọrin ṣì ga nílẹ̀ níwájú mi bí òkìtì ọ̀gán, àmọ́ mo ní kí n kọ ìwé yìí ná.

Mo mọ̀ pé á yà ọ́ lẹ́nu pé mo mú bírò, nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ mi. Ṣé o mọ ara rẹ? Tí mo bá pè ọ́, gbólóhùn kìíní ni o máa gbọ́, o máa figbe bọnu, mi ò sì ní ráyè sọ ìyókù. Lẹ́tà ló dáa, kò sẹ́ni tó lè já lu ọ̀rọ̀ mi nínú rẹ̀. Nítorí náà, jókòó, bu omi mu. Bàbá rẹ ò kú, wọn ò ṣubú. Mo kàn mú wọn lọ pàgọ́ létí adágún Òkè Ìtura ni.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbọ́ nígbà tí o ní kí n má dán an wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni o sọ ọ́, o tún fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. O ní Bàbá ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, o ní orókún wọn, o ní òtútù. Àmọ́ láti ìgbà Kérésì tí o ti sọ fún wọn pé o fẹ́ wá mú wọn lọ sí Àbújá, kí a sì ti ilé wọn pa, Bàbá ò sọ pé àwọn gbà, wọn ò sì sọ pé àwọn kọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń sọ ni pé, “Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn létí adágún ná.” Ìwọ náà lo ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi gbà. Mo rò ó pé ẹni tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, á kọ́kọ́ fún un ní ohun tí òun náà ń fẹ́.

Kí n má tàn ọ́, Dorothy, mo fẹ́ kí wọ́n kọ̀. Ọmọ ọdún méje ni mí tí bàbá tó bí mi kú. Bàbá rẹ ló ra bàtà iléèwé fún mi, àwọn náà ló fà mí lé ọkọ lọ́wọ́. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń yà kí wọn kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá lọ sí Àbújá, ọ̀dọ̀ ta ni mo fẹ́ máa yà sí? Ìwọ ń wá bí bàbá rẹ ṣe máa wà lọ́dọ̀ rẹ, èmi ń wá bí mi ò ṣe ní di ọmọ òrukàn lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó wà nínú mi nìyẹn nígbà tí mo ń di gaàrí àti ẹ̀wà sínú àpò.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni àwa ọmọ ìjọ gbéra lọ pàgọ́ àdúrà, àwa mẹ́tàlélógún. Ọkọ̀ kòrópe mẹ́ta ló gbé wa dé ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ pin sí, a fi ẹsẹ̀ gun ìyókù. Orókún Bàbá tí o ń sọ yẹn, wọn ò tilẹ̀ mẹ́nu kàn án. Èmi tí mo ní mò ń tọ́jú wọn, èmi ni mo jókòó sórí kùkùté lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí èémí mi tó balẹ̀. Bàbá ní òkè ò ga, àwọn ìyàwó ilé ló ń jẹun jù. Má rẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé agégi ni wọ́n tẹ́lẹ̀, kò sí igi kan tí wọn ò dúró kí. Wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara igi, wọ́n á ní àràbà nìyí, ìrókò nìyí, ọ̀mọ̀ nìyí, irú rẹ̀ ni àwọn ń là sí pákó ní ọdún tí wọ́n bí ọ. Wọ́n dárúkọ ẹni tó ń bá wọn di apá kejì ayùn mú, wọ́n dárúkọ ìyàwó rẹ̀. Inú mi dùn. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, orí ta ló pé tó báyìí?

Adágún náà wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Òkè yí i ká lápá mẹ́ta, igbó sì ṣú bò ó débi pé o ò ní mọ̀ pé omi wà níbẹ̀ àfi tí o bá dé etí rẹ̀. A ta tapólì sáàárín igi, a tẹ́ ẹní sórí ewé gbígbẹ. Lálẹ́ a se ẹ̀wà, a sun iṣu, a din ẹja epìà tí àwọn ọkùnrin pa, a kọrin, a gbàdúrà, a sùn. Láàárọ̀, ìkùukùu á jókòó sórí omi títí oòrùn á fi yọ lókè, kò sí ariwo kankan ju ti ẹyẹ lọ. Àwọn ọ̀bọ ṣì wà níbẹ̀. Mo rò pé ọmọ-ọmọ èyí tó gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ lọ́dún tí a ṣèrìbọmi ni èyí tó ń yọjú sí wa. Ọkàn mi balẹ̀ débi pé mo gbàgbé àwọn aṣọ akọrin pátápátá.

O rántí òfin omi náà. Àwọn ará abúlé ìdí òkè ló ni ín, àwọn tí baba ńlá wọn ti ń bọ òrìṣà níbẹ̀ kí ìjọ wa tó mọ ọ̀nà. Wọ́n gbà wá láyè kí a máa gbàdúrà, kí a máa sùn, kí a máa pẹja. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ wá, pé ìkòkò tó bá ti gorí iná, tí ìdí rẹ̀ ti dúdú, kò gbọdọ̀ kan omi náà. Igbá tàbí korobá tó mọ́ la fi ń pọn ọ́n. Ẹni tó bá ṣẹ̀ sí i, á jókòó sétí omi, á fi eérú àti iyanrìn fọ ìkòkò náà títí ìdí rẹ̀ á fi mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní pọnmi títí á fi fọ̀ ọ́ tán. Ogójì ọdún ni a ti ń pa á mọ́, Bàbá rẹ ló sì ń kọ́ gbogbo ẹni tuntun. O mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n á gbé ìkòkò sókè, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ hàn wá, wọ́n á ní, “Èyí ńkọ́?” Gbogbo wa á dáhùn pé, “Kò gbọdọ̀ kan omi!” Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ Ẹtì yìí náà, wọn ò gbàgbé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo lọ ṣa igi. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo rí Bàbá nínú omi, ó mù wọ́n dé orókún, ìkòkò ẹ̀wà àná ni wọ́n tì bọ inú rẹ̀. Mo da igi nù, mo sáré. Dúdú ìdí ìkòkò náà ti ń tàn lójú omi. Bàbá rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní, “O ti jí? Omi ẹ̀kọ ni mo fẹ́ gbé kaná.” Mo dúró létí omi, mo nawọ́ gba ìkòkò lọ́wọ́ wọn, mo fà wọ́n jáde, mo mú wọn lọ jókòó lórí ẹní wọn.

Àmọ́ obìnrin kan ti rí ìkòkò nínú omi láti òdìkejì. Kò pẹ́ tí Ìyá Ọ̀ṣuntọ́lá fi dé, àgbà obìnrin tí abúlé náà fi ṣọ́ adágún. Gbogbo ìjọ ti dìde dúró. Màmá náà ò pariwo. Wọ́n béèrè pé ta ló ti ìkòkò iná bọ omi. Mo ní èmi ni. Irọ́ náà ti jáde kí n tó rò ó.

Àfi bí Bàbá ṣe dìde lórí ẹní. “Ṣìkẹ́mi! Ìwọ! Ìwọ tí mo kọ́ látìgbà tí o ò tíì mọ imú nù! Ṣé ojú ò tì ẹ́ ni? Àná ńkọ́, ṣebí àná yìí náà ni mo sọ ọ́!” Wọ́n bá mi wí níwájú gbogbo èèyàn. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń dọ́gbọ́n ni, mo wá wo ojú wọn. Dorothy, wọ́n ti gbàgbé. Wọn ò rántí mọ́ pé àwọn ni wọ́n ṣe é, kò sì tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo ní kí wọ́n má bínú.

Ìyá Ọ̀ṣuntọ́lá wo ìró mi tó gbẹ. Wọ́n wo ṣòkòtò Bàbá tí omi ń kán nídìí rẹ̀. Wọ́n ní, “Ó dáa. Ẹni tó ní òun ni, kó wá fọ̀ ọ́.” Wọ́n wá lọ jókòó ti Bàbá, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ afárá onípákó kan tí wọ́n ṣe ní ìgbà èwe wọn.

Ibí ni mo ti fẹ́ kí o dárí jì mí. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Lóṣù Bélú, mo bá Bàbá ní oríta ọjà lọ́sàn-án gangan, wọ́n ń bi àwọn ọlọ́kadà pé níbo ni ilé Lànà wà. Ilé tiwọn ni wọ́n ń béèrè. Mo mú wọn wálé, nígbà tí o sì pè lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún ọ pé ara Bàbá le koko. Wọ́n ti fi orúkọ màmá rẹ, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, pè mí tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Mo máa ń jẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ fún ọ, ọjọ́ kejì ni wàá dé, mo sì fẹ́ kí wọ́n wà lọ́dọ̀ mi. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tilẹ̀ lo oṣù mẹ́rin.

Lọ́sàn-án, mo ń fọ ìkòkò létí omi, Bàbá wá jókòó tì mí. Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́.

“Ṣìkẹ́mi, èmi ni mo ṣe é, àbí?”

Mo ní, “Rárá, Bàbá, èmi ni.”

“Ẹsẹ̀ ta ló wọ omi?”

Ẹkún ló gbà mí. Wọ́n gba ìkòkò náà, wọ́n bu iyanrìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń fura. Wọ́n ní àwọn á dìde láti ṣe nǹkan, tí àwọn bá dé ibẹ̀, nǹkan ọ̀hún á ti lọ. “Ìdí tí mo ṣe ní kí n wá síbí nìyẹn. Mo ní tí mo bá lè rántí tibí láìsí pé ẹnì kan ń ṣọ́ mi, á jẹ́ pé mo ṣì lè dá gbé. Mo ti rí èsì mi.” Mo ní kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n dákẹ́ ẹkún, kí n bu eérú sí i. Apá kan ni wọ́n fọ̀, mo fọ apá kejì, a ò gbé e sílẹ̀ títí ìdí rẹ̀ fi ń dán. Wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n ní kí n kọ sí ọ:

“Sọ fún Dorothy kó wá mú mi. Kó tètè wá. Mi ò fẹ́ kó dé, kí n máa bi í pé ọmọ ta ni.”

Ìyá Ọ̀ṣuntọ́lá yẹ ìkòkò náà wò, wọ́n bu omi sí Bàbá lọ́wọ́, wọ́n ní omi ò bínú. Ni àwọn èèyàn bá gbé korobá. A sùn níbẹ̀ mọ́jú ọjọ́ Àìkú, oorun Bàbá dùn ju ti gbogbo wa lọ. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo sọ òótọ́ fún Pásítọ̀ Àyànlàjà, wọ́n sì gbàdúrà fún wa.

Nítorí náà, wá kí oṣù yìí tó parí. Mo ti ń fọ aṣọ wọn, mo ń dì í. Má sọ ọjọ́ tí o ń bọ̀ fún wọn, torí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á lọ máa jókòó sí láràárọ̀. Bí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí. Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́: tí wọ́n bá dé ọ̀hún, máa jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù láràárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè mí.

Ìyàndá ọkọ mi kí ọ, àwọn akọrin kí ọ. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fi ẹnu ko Ọlámipọ̀sí lẹ́rẹ̀kẹ́. Bàbá náà kí ọ. Ẹ̀gbẹ́ mi níhìn-ín ni wọ́n jókòó sí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Mo bi wọ́n pé, ta ni wọ́n rò pé mò ń kọ̀wé sí? Wọ́n ní, “Dorothy ọmọ mi ni, ta ló tún kù?” Mi ò rán wọn létí o. Àwọn fúnra wọn ló dárúkọ rẹ.

Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ lójò lẹ́ẹ̀rùn,
Olúwaṣìkẹ́mi.