Ọlọ́run Ti Dá A Láre, Èmi Ìyá Ọmọ Ńkọ́?

Olóòtú wa, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ ṣáà sọ pé ìyá kan láti Ugbonla, ìlú orí omi, ni.

Ọkùnrin tó mutí yó wakọ̀ ojú omi, tó da ọmọbìnrin mi sódò, tí ọmọ náà sì kú, ti di àtúnbí. Odò kan náà ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un. Pásítọ̀ wa ní Ọlọ́run kò ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn mọ́, òdodo Jésù ló kà sí tirẹ̀. Mo ṣe àmín, torí òdodo yẹn lèmi náà gbójú lé. Ni wọ́n bá ní kó máa wa ọkọ̀ ìjọ, kí n sì wọ̀ ọ́! Mo ní kò tíì bẹ̀ mí. Ó wojú mi, ó ní, "Mọ́mì, Ọlọ́run ti dá mi láre, ẹjọ́ ti parí."

Ẹjọ́ ta ló parí? Ṣé Jésù tó ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló ní kó má bẹ ìyá ọmọ ni? Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i. Afárá pákó kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tèmi. Ojoojúmọ́ ló ń gba iwájú ilé mi kọjá, tó ń lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.