Àmì Orí Ọ̀rọ̀ Bàbá Mi

                                                            Ilé Kẹtàdínlógún,
                                                            Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                                            Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn tó ń yọ eyín nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? Màmá ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti ń lọ sílẹ̀? Ara tiwa le níhìn-ín, mo dúpẹ́. Ọkàn ni kò tíì le.

Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo fi í sápò ẹ̀wù. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lo ti béèrè irú Linux, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, tí o lè gbé sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó ń tẹ̀wé nílé ìwòsàn, àti irú ojú tí o máa gbé wọ̀ ọ́, ìyẹn bí àwọn bọ́tìnì àti àwòrán inú rẹ̀ ṣe máa tò. Mo mọ̀ pé o kàn fẹ́ fi fà mí kúrò nínú ìrònú ni. O ṣeun. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, torí náà màá dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà ò ní dùn, torí ọ̀rọ̀ Linux yìí gan-an ló ń pa mí lẹ́kún.

O rántí kọ̀ǹpútà tí èmi àtìẹ tò fún bàbá mi lọ́dún tí wọ́n fẹ̀yìn tì nílé ìtẹ̀wé. Debian, irú Linux kan, la gbé sí i, a fi Xfce tó fúyẹ́ ṣe ojú rẹ̀, torí ẹ̀rọ náà ti gbó ju àwa méjèèjì lọ. Ìwọ lo ya bọ́tìnì kan sọ́tọ̀ lápá ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù, èyí tí bàbá fi ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀; èmi ni mo kọ́ wọn bí a ṣe ń lò ó. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń ka ìwé wò kó tó di títẹ̀ jáde; àmì kan ṣoṣo ò gbọdọ̀ sọnù lójú wọn. Lẹ́yìn tí màmá mi kú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé kékeré kan nípa ayé tí àwọn méjèèjì jọ gbé, kí àwọn ọmọ mi má baà gbàgbé ìyá àgbà. Wọn ò bẹ ohun mìíràn mọ́ ju kí wọ́n parí ìwé yẹn lọ.

Èmi ni mo ní kọ̀ǹpútà ń falẹ̀. Ọwọ́ ló ń yún mi, o mọ̀ mí. Mo wá ẹ̀rọ tó tún dára díẹ̀, mo gbé Linux bíi mẹ́rin sí i tẹ̀léra wọn ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo wá mú èyí tí ojú rẹ̀ dán jù. Ojú tèmi ló dán sí o. Mi ò bi bàbá ní ìbéèrè kan. Mo kó gbogbo fáìlì wọn wọlé, ẹyọ kan ò sọnù, mo sì ń fi yangàn. Wọ́n wò ó títí, ọwọ́ wọn ń wá ibi tí nǹkan wà tẹ́lẹ̀ nísàlẹ̀ lápá òsì, kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ó rẹwà, wọ́n sì súre fún mi.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pè mí pé àmì ò jáde mọ́. Kò sí Linux tí mo gbìyànjú rẹ̀ tí kò lè ṣe é. Èmi ni mo gbàgbé láti tò ó. Mo ní kí wọ́n máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé gbogbo ayé ló ń kọ̀wé láìsí àmì lórí fóònù, pé á yé ẹni tó bá kà á. Wọ́n dá mi lóhùn pé:

“Ọmọ mi, bí mo bá kọ ìyá láìfi àmì sí i, ẹlòmíì lè pè é ní ìyà. Ṣé ìyà ni mo fẹ́ níyàwó?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi, mo rẹ́rìn-ín! Mo ní màá wá ní Sátidé.

Sátidé dé, ọ́fíìsì kan gbé ogún kọ̀ǹpútà fún mi tò. Mo fi òní dọ́la, mo fi ọ̀la dọ́tùnla. Bàbá pè lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pè lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta yẹn mo jágbe, mo bi wọ́n pé kí ló ń lé wọn tí wọ́n fi ń kánjú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Wọ́n ní kò burú, àwọn ò ní yọ mí lẹ́nu mọ́, wọn ò sì pè mí lórí rẹ̀ mọ́. Èmi rò pé ó ti mọ́ wọn lára ni. Ó ku díẹ̀ kó pé oṣù kan àtààbọ̀ tí mo gbé ẹ̀rọ tuntun náà fún wọn nígbà tí télọ̀ ilé kejì pè mí pé wọ́n ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Apá kan ara wọn ti rọ ká tó dé ilé ìwòsàn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dágbére fáyé.

Nígbà tí mo lọ palẹ̀ yàrá wọn mọ́, mo bá ewé ìwé mọ́kànlá tí wọ́n kọ lórí ẹ̀rọ tuntun náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pírińtà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ láìsí àmì. Bàbá mi ti tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n wá mú báírò pupa, wọ́n ń fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń ṣe níbi iṣẹ́. Ojú ewé kẹfà ni pupa náà parí sí. Mo jókòó sórí àga wọn, mo tan kọ̀ǹpútà, mo to bọ́tìnì náà. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló gbà mí.

Torí náà, Debian o, Mint o, èyíkéyìí á ṣiṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí ẹ̀rọ wọn bá ti gbó, fi Xfce sí i. Gbogbo ìjà tí a máa ń jà lórí èyí tó dára jù, ìjà òmùgọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, lọ jókòó tì wọ́n nídìí iṣẹ́ fún odidi ọjọ́ kan, pa ẹnu mọ́, kí o máa wo ibi tí ọwọ́ wọn ń lọ. Bi wọ́n léèrè ohun tí wọn ò gbọdọ̀ pàdánù. Tí wọ́n bá sì pè ọ́ lẹ́yìn náà, lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, jọ̀ọ́.

Bá mi kí ìyàwó, kí o bá mi kí màmá àti ẹ̀gbọ́n. Sọ fún ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìtùnú tí wọ́n rán dé etí mi.

Ohun kan ló kù. Mo ń tún ewé mọ́kànlá bàbá mi tẹ̀, mo ń fi àmì sí i. Ewé mẹ́fà àkọ́kọ́ ò le, mo kàn ń tẹ̀ lé báírò wọn. Ìkeje àti ìkẹjọ náà ò le. Ní ìkẹsàn-án, wọ́n ń sọ bí màmá ṣe máa ń jókòó tì wọ́n tí wọ́n bá ń tẹ̀wé, wọ́n wá kọ ọ́ pé, “Lori ero yii, omo mi lo ko mi.” Ó parí síbẹ̀, wọ́n bọ́ sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Èmi nìkan sì ni ọmọ tí wọ́n bí. Bí mo bá fi àmì òkè sí i, ọmọ mi ló kọ́ mi ni. Bí mo bá fi ti ìsàlẹ̀, ọmọ mi ló kọ̀ mí. Òótọ́ ni méjèèjì. O mọ bàbá mi, o sì mọ̀ mí. Bá mi kà á, kí o kọ èyí tó bá jẹ́ ránṣẹ́. Mi ò tíì fi nǹkan kan sí i.

Èmi ni tìrẹ, nínú ẹkún yìí náà,

Atúntò