Ìdin Inú Ewé Ẹ̀wà

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ yín, ìyàwó ọ̀ṣìngín, ló ń kí yín o! Ẹ bá mi yọ̀! Ọkọ mi ń sin eṣinṣin tí kò tó hóró ìrẹsì nínú yàrá tí à ń sùn, èmi ni mo sì ń bomi rin ewé ẹ̀wà tí wọ́n ń jẹ. Abo á fi ìdí gún ewé, á yé ẹyin sínú rẹ̀. Ìdin tó bá ti inú ẹyin yọ kò lójú, kò lẹ́sẹ̀, ìkọ́ dúdú ló wà lẹ́nu rẹ̀. Àárín awọ ewé méjèèjì ló ń gbé, á máa jẹ lọ, ọ̀nà funfun á máa tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Ọkọ mi á ní, "Ìyàwó, wò ó, ó ń jẹ, ó ń yó, kò béèrè ilẹ̀kùn." Ẹ̀rín á pa mí! Bó bá ń jáde, á ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, kí eṣinṣin má baà sá.

Lánàá, ìdin kan fi ìkọ́ rẹ̀ la awọ ewé, ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kó lọ sùn nínú èèpo ara rẹ̀ títí á fi hu ìyẹ́. Ọkọ mi fi èékánná tẹ̀ ẹ́ pa. Ó wò mí, ó ní, "Ta ló ní kó jáde?" Mo rẹ́rìn-ín.

Ó ní kí àbúrò mi obìnrin wá máa bá wa gbé. Ọkọ mi ló ń ka lẹ́tà mi kó tó fi ránṣẹ́, ó fẹ́ràn bí mo ṣe ń kọ̀wé. Àbúrò mi á wá o! Àmọ́ kó parí ìwé rẹ̀ ná. Bó bá parí, kó kọ́ṣẹ́. Bó bá kọ́ṣẹ́ tán, kó kọ́ òmíràn.

Ẹ bá mi kí i. Ẹ bá mi kí ilẹ̀kùn ilé wa tí kò ní kọ́kọ́rọ́.