Ọṣẹ Tó Dì Lórí Òkè

Ọmọ mi àtàtà,

Ọṣẹ náà ti dì. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dì, lórí òkè ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, nínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, kí n tó kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ò pọ̀ jù ní yàrá ìwádìí yín? Ohun tí o bá ń pò pọ̀ níbẹ̀ ò ní bú gbàmù mọ́ ọ lójú, àmín. Ara èmi àti bàbá rẹ le, àfi orúnkún bàbá rẹ tí lẹ́tà rẹ kó bá.

O mọ̀ pé Mátírọ́nù ilé ìwòsàn ló ń ra ọṣẹ wa láti ọdún mẹ́fà, igba ọṣẹ ló sì fẹ́ gbà lọ́jọ́ Ẹtì yìí. Ó ti ní bí kò bá bá a, òun á yáa máa ra ti ilé ìtajà. Igi sì tutù, iná ò jó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òróró fi wà lókè ìkòkò tí omi eérú wà nísàlẹ̀, bí orogún méjì tó ń bára wọn yan odì. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí ọ.

Ìdáhùn rẹ dé. O ní kò sí ohun tó ṣe òróró àti omi eérú, wọ́n á di ọṣẹ, àmọ́ òkè kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gùn, agbára tí wọ́n máa fi gùn ún ni wọn ò ní, torí iná kéré. O ní ohun kan wà tó ń jẹ́ kátálísì tó máa ń fi ọ̀nà ẹ̀bùrú hàn wọ́n, kí òkè náà má bàa ga jù, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán síbẹ̀. O wá ya òkè náà: òróró àti omi eérú lápá kan, ọṣẹ lápá kejì, àti ìlà kan tí o fi àmì tótòtó fà níbi tó rẹlẹ̀.

Bàbá rẹ wo àwòrán náà títí, ó ní òun mọ òkè yẹn. Ó ní òkè ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ ni, ìlà tótòtó yẹn sì ni ọ̀nà tí àwọn ewúrẹ́ ń gbà. Mo ní ṣé òróró máa ń gun òkè ni? Ó ní ta ló lọ sí yunifásítì, èmi àbí ọmọ? Ó da gbogbo rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin. Mo ní kó kọ́kọ́ fọ̀ wọ́n, torí ọṣẹ àtijọ́ ti lẹ̀ mọ́ inú wọn, ó ní ọṣẹ kì í dọ̀tí. Ló bá kó wọn sórí ọmọlanke, ó ń tì í lọ lórí òkúta, kẹ́ẹ̀gì ń fò sókè sódò. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe béèrè bóyá òróró fẹ́ lọ gba atẹ́gùn ni. Bàbá rẹ ní sáyẹ́ǹsì ni, kí ẹni tí ò kàwé gbé ẹnu rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Òun tó dúró ní ìwé kẹrin!

Ìgbà tó lọ tán ni mo yí lẹ́tà rẹ padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí i pé o ní kí a ha ọṣẹ àtijọ́ díẹ̀ sí i, pé òun ni kátálísì náà, kí a sì máa rò ó dáadáa. Mo sáré lé e, ó ti dé òkè. A jókòó ti kẹ́ẹ̀gì nínú oòrùn. Nígbà tó ṣí ọ̀kan wò, orogún méjèèjì ti bá ara wọn rẹ́, wọ́n ki bí oyin. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti dì.

Bàbá rẹ wá ń sọ pé àìfọ kẹ́ẹ̀gì òun ni kátálísì, òun ò sì ní fọ nǹkan kan mọ́ nínú ilé yìí. Jọ̀wọ́, bá mi kọ̀wé sí i. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé o ní kátálísì kì í tán. Mo wá ọṣẹ àtijọ́ yẹn nínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mi ò rí i. Ṣé ó yẹ ká dá a padà fún ẹnì kan ni?

A la àwọn kẹ́ẹ̀gì náà kí ọṣẹ tó lè jáde. Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi owó kẹ́ẹ̀gì ránṣẹ́. Òkè tí o bá tún máa yà, jẹ́ kó mọ níwọ̀n. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀, ilẹ̀ á gbà ọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ ò ní dì mọ́ ọ lọ́wọ́.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Mátírọ́nù gba ọṣẹ kan láàárọ̀ yìí. Ó ní òun á kọ́kọ́ fi fọ ọwọ́ ara òun wò, bóyá á ta òun, kí òun tó gba ìyókù. Bàbá rẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú ọmọlanke. Mátírọ́nù ò tíì jáde.