Ilẹ̀ Tí Wọ́n Hú Lẹ́yìn Ilé Ládélé

                                        7, Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀,
                                        Lotto, Mowe,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Ọ̀wàrà, 2009.

Fúnmi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ń kọ́, àwọn ọmọ ń kọ́? Ṣé orúnkún Màmá ti ń gbé wọn rìn dáadáa báyìí? Mo gbọ́ pé Delight ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, inú mi dùn gan-an. Kí Olúwa bá wa wò ó. Àkúrẹ́ ti mọ́ yín lára, àbí?

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ pé ìwé ni mo kọ. O pè mí títí, mi ò gbé fóònù. Má bínú, kì í ṣe ìgbéraga. Bí o bá kà á tán, wàá mọ ìdí rẹ̀.

O rántí Ládélé, àbúrò mi tó ń ṣe káfíńtà ní Ibafo, àti Ìbíwùnmí ìyàwó rẹ̀. O mọ bí wọ́n ṣe fojú sọ́nà fún ọmọ, tí kò sí òkè àdúrà tí ìyàwó wa kò gùn. Lóṣù tó kọjá, Ọlọ́run ṣe é, ó bí ọkùnrin. Ọmọ náà pupa, irun rẹ̀ kún dé iwájú orí. Èmi ni mo kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. A ní kó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ká tó pe onífọ́tò. Fúnmi, kò rí ọjọ́ náà. Ibà ni wọ́n pè é ní ọsibítù. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọmọ ti dákẹ́.

Ìwọ náà mọ àṣà wa. Òkú ọmọ tuntun kì í ṣe ohun tí à ń pe èrò sí, ìyá rẹ̀ kì í sì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, kó má baà máa lọ jókòó tì í. Bàbá Sàlísù, onílé Ládélé, ló bá a gbé e. Àgbàlagbà mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ bíbí Ibafo. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì gbé ọkọ́, wọ́n gba inú oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé lọ. Èmi ṣì wà lọ́dọ̀ ìyàwó wa ní ọsibítù, ni mo bá pe Ládélé. Ó ní, "Àǹtí mi, a ti bò ó mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí wa." Mo ní kó má sọ ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí a kò fi sọ́kàn ni ọkọ̀ òfurufú kékeré kan tó ti ń yí lókè wa. Mi ò mọ̀ bóyá irú rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ yín. Kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ ni àwọn sójà ti ń darí rẹ̀, kámẹ́rà wà nínú ikùn rẹ̀, ó sì ń ya àwòrán ohun gbogbo tó bá wà nísàlẹ̀. Nítorí àwọn tó ń lu páìpù epo ni wọ́n ṣe gbé e wá, páìpù náà sì gba ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gẹ́ yẹn kọjá. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, a yọ̀. Ọ̀gá sójà kan wá sí ìpàdé àwọn onílé, ó ní ààbò wa ni, pé ẹni tí kò bá jalè kò ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. A pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ fura. Balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wọn kò ní òrùlé, ni kálukú bá ń wá tapólì bò ó. Ìyá Lateefah, aládùúgbò Ládélé, ní òun kò ṣí ara sílẹ̀ fún ọkùnrin méjì rí, òun kò ní torí ìjọba bẹ̀rẹ̀. A rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú Ìbíwùnmí délé ni ọkọ̀ sójà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kó Ládélé àti Bàbá Sàlísù lọ sí àgọ́ wọn, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà síwájú wọn. Ládélé ní òun rí ara òun láti òkè: orí òun, ẹ̀yìn òun, ọkọ́, àti ihò.

Ọ̀gá wọn bi í pé, "Kí lẹ rì síbẹ̀?"

"Ọmọ mi ni, sà."

"Ọmọ wo? Irin tẹ́ ẹ fi ń lu páìpù lẹ rì. Ta ló ní kó o má sọ ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni?"

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni ọkùnrin náà ń sọ padà fún un. Wọ́n ti ń gbọ́ wa lórí fóònù.

Wọ́n kó wọn padà sóko, wọ́n ní kí wọ́n hú u. Ládélé dọ̀bálẹ̀ lórí ebè. Bàbá Sàlísù ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, òkú ọmọ jòjòló ni. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí oòrùn tún rí i." Sójà kan ti ọkọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Ariwo ló pe Ìbíwùnmí jáde. Mo dì í mú, kò ṣeé dì mú. Ó sáré wọ inú ẹ̀gẹ́, omi ọyàn ti rin bùláòsì rẹ̀ gbindin, èmi ń sá tẹ̀lé e, àwọn aládùúgbò ń sá tẹ̀lé mi. Bí a ṣe débẹ̀ ni aṣọ funfun náà yọ nínú ilẹ̀.

Ọ̀gá náà ṣí fìlà. Ó ní, "Sọ́rì, màdáàmù," ó sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò padà wá bẹ̀ wá.

Ìbíwùnmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé itan. Bàbá Sàlísù bẹ̀ ẹ́ pé kò yẹ kí ìyá rí i. Ó wò wọ́n, ó ní, "Bàbá, gbogbo ayé ti rí i. Ṣé èmi nìkan ni kò yẹ kí n rí i?" Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó lórúkọ kí ẹ tó dá a padà. Olúwajùwọ́n ni mo sọ ọ́." Gbogbo wa tó wà nínú oko náà dárúkọ tẹ̀lé e, a ṣe àmín, pẹ̀lú ẹkún. Mi ò fẹ́ gbọ́ irú àmín bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Ládélé lọ sí káńsù ní Owódé Ẹ̀gbá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ àwọn, ti ààbò ìlú ni. Ó bi wọ́n pé ọwọ́ ta ló wá wà, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Àwọn àgbà ní ogiri létí. Wọn kò sọ fún wa pé òfurufú náà yóò lójú. Mi ò ní kí wọ́n má ṣọ́ páìpù o, a mọ bí epo ṣe ń jó èèyàn. Ṣùgbọ́n ibo ni ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yóò lọ, tí yóò ti sunkún láìsí ẹni tó ń wò ó?

Ìyàwó wa ti lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìfọ̀. Mo lọ wò ó lọ́jọ́ Àìkú. Mo bá a nínú yàrá, ó ti fèrèsé pa nínú ooru. Mo ní ká bọ́ síta díẹ̀, ó mi orí. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó di ọwọ́ mi mú.

"Àǹtí mi, àwòrán tí wọ́n fi han ọkọ mi yẹn, ṣé ibi tó ti gbé ọmọ náà dání wà níbẹ̀?"

Mo ní ó ṣeé ṣe.

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní ẹyọ kan. Mi ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan."

Bá mi kí Màmá àti ọkọ rẹ, kí o sì fi ìyàwó wa sínú àdúrà. Ládélé ní kí n kí ọ. Lọ́la ni èmi àti òun ń lọ sí àgọ́ àwọn sójà náà, láti lọ bẹ̀ wọ́n fún àwòrán yẹn.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
                                        Ọmọlabí.