Òwú Pupa Ti Sùn: Ìtàn Ìgbésí Ayé Ìyá Aránṣọ-Kọ́tìnì (1946–2023)

Ní ọdún 1946, nínú ìyẹ̀wù kan tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ni a bí olóògbé tí a péjọ nítorí rẹ̀ lónìí. Bàbá rẹ̀ ni ó ni ṣọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin tí ń fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu sọ̀rọ̀, tí abẹ́rẹ́ kì í sì í já bọ́. Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn. Kò sí aṣọ ìbora aláìsàn kan ní àdúgbò náà tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Olóògbé ni àbígbẹ̀yìn wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti gbéra lọ sí ìlú òkèèrè nígbà tí olóògbé ṣì kéré, ọ̀nà jíjìn sì ni ó ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ láti ìgbà náà wá.

Kò sí bí a ó ṣe sọ ìtàn rẹ̀ kí a má sọ̀rọ̀ ẹ̀rù. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje, àbúrò ìyá rẹ̀, káfíńtà tí ń kan òrùlé, ń ṣiṣẹ́ lórí ilé kan ní òpópónà wọn. Wọ́n ní kí ọmọ náà gbé ife omi lọ fún un. Ó gbójú sókè, ó rí i tí arákùnrin náà juwọ́ sí òun, ó sì rí i bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀ tí ó já bọ́ láti orí òrùlé. Ife omi kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e padà délé, omi inú rẹ̀ kò dànù. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gun àga mọ́.

Ó parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959, ó sì jókòó ti bàbá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kọ́tìnì ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ jù. Ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó fojú wọn fèrèsé, kí ó lọ gé aṣọ rẹ̀ láìṣì. Ṣùgbọ́n bí kọ́tìnì bá parí, ẹlòmíràn ni yóò gun àga lọ so ó. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tiwọn kò jẹ́ kí ó gbádùn.

“Aránṣọ kọ́tìnì tí kò lè so kọ́tìnì. Ṣé kí èmi náà máa fá orí ní ìlàjì, kí n máa ní kí wọ́n lọ parí ẹ̀ níbòmíràn?”

“Orí tí ẹ fá lánàá,” ni olóògbé fèsì, “ìlàjì náà lẹ bá ṣe, ìbá sàn.”

Láti ibẹ̀ ni orúkọ Aránṣọ-Kọ́tìnì ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí ó tó ilé ọkọ, ó kọ awakọ̀ kan, ó kọ ọkùnrin kan tí ń gun òpó iná. Nígbà tí atúnrédíòṣe dé, ìbéèrè kan ni ó bi í: “Ṣé ẹ máa ń gun nǹkan nídìí iṣẹ́ yín?” Ọkùnrin náà ní, “Àpótí ìjókòó mi nìkan.” Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1970. Inú olóògbé dùn, ó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ti rí ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè mú un já bọ́. Ṣùgbọ́n a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó fa òfuurufú wọlé. Ní ọdún 1979, ẹgbẹ́ kan tí ń fò ní pápá ẹ̀yìn ìlú wá bẹ̀ ẹ́ kí ó rán ìbòrí aṣọ líle fún ìyẹ́ gíláídà wọn. Gíláídà ni ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Okùn ni wọ́n fi ń fà á gòkè. Bí wọ́n bá ti tú okùn náà, ó di òun àti afẹ́fẹ́. Nígbà tí ìbòrí náà parí, olóògbé ní kí ọkọ òun bá òun gbé e lọ fún wọn. Ọkọ lọ láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni ó tó dé, irun rẹ̀ dàrú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

“Wọ́n gbé mi gòkè,” ni ó wí.

“Ta ni wọ́n?”

“Àwọn tó o ránṣọ fún.”

Olóògbé rọra jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. “Èmi náà ni mo rán yín níṣẹ́,” ni ó wí.

Ọkọ rẹ̀ wọ ẹgbẹ́ náà, ó kọ́ bí a ti ń fò, láti ọdún náà sì ni àwọn ènìyàn ti ń pè é ní Àwòdì. Àwòdì kò sì mọ bí a ti ń rí ohun tó dára kí a dákẹ́. Àwòrán ni ó kọ́kọ́ ń yà. Nígbà tí ó di ọdún 1986, ó tún kámẹ́rà fídíò kan tí ẹnì kan ti jù nù ṣe, ó sì dè é mọ́ ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ nínú ọkọ̀. Àwọn fídíò náà ń gbọ̀n, afẹ́fẹ́ ń bo ohùn rẹ̀, ìgbà mìíràn etí rẹ̀ nìkan ni a ń rí. Síbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìyẹ̀wù wọn a kún. Onígbàjámọ̀ a di apá àga mú. Aṣebàtà òdìkejì títì a dijú bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ yí, a sì máa bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ọkọ̀ náà ti tọ́. Àwòdì da àwọn fídíò náà kọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá bèèrè, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ní ìlú òkèèrè, ẹni tí ó máa ń dá jókòó wò wọ́n, tí ó ń wá òrùlé ilé bàbá rẹ̀ láàárín àwọn òrùlé kéékèèké ìsàlẹ̀.

Olóògbé kò wò wọ́n. Ilé ìdáná ni ó ń jókòó sí, ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, yóò sì ké sí wọn láti ibẹ̀: “Ṣé ó ti balẹ̀?”

Ọkọ rẹ̀, tí ó jókòó pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, yóò dáhùn pé, “Èmi rèé, mo jókòó síbí.”

“Mi ò bèèrè yín. Ẹni inú fídíò ni mò ń bèèrè.”

Ilé rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé ilé ìdáná yóò rí i pé àwo kan náà ni ó ṣì ń nù láti ìgbà tí fídíò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rù yìí ni ó bí àdéhùn òwú. Gbogbo gíláídà ni ó ní òwú kúkúrú kan tí a lẹ̀ mọ́ ìta gíláàsì iwájú láti fi mọ bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Olóògbé ní bí ó bá jẹ́ dandan, inú agbọ̀n òun ni òwú náà yóò ti wá. Òwú pupa ni ó gé, ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì fi lẹ̀ ẹ́. Bí ọkọ̀ bá wà lókè, òwú yóò nà tantan. Bí ó bá balẹ̀ tí ó dúró, òwú yóò wó lulẹ̀ sórí gíláàsì bí ẹni tó sùn. Ó ní kí ọkọ òun fi àwòrán òwú tó sùn parí gbogbo fídíò, kí ó má sì fi ohunkóhun han ẹnikẹ́ni kí òwú tó sùn. Ìparí yẹn nìkan ni ó ń wá wò. Nígbà tó yá, ó di èdè ilé. Bí ọmọ bá dé ilé ẹ̀kọ́ láyọ̀, yóò pè láti sọ pé, “Màmá, òwú ti sùn.” Nígbà tí fóònù ìgbàlódé dé tí Àwòdì ń pín àwòrán sínú gúrúùpù ẹbí, tí ó ń kó àwọn fídíò rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn àjèjì tí ń fò bíi tirẹ̀, kò yẹ àdéhùn náà. Kí àwòrán tó dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀. Gbogbo ẹbí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2014, àbígbẹ̀yìn wọn obìnrin ra kámẹ́rà tuntun fún bàbá rẹ̀. Kí bàbá má baà máa ṣe wàhálà, ó tò ó kí kámẹ́rà náà máa fi àwòrán ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí fúnra rẹ̀. Ìfẹ́ ni. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ronú kan òwú.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Àwòdì fò láti pápá tiwọn lọ sí pápá kejì, ibi tí yóò ti fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí ó wọ bọ́ọ̀sì wálé. Àkọ́bí wọn, mẹkáníìkì, dúró pẹ̀lú àpótí gígùn onítáyà tí wọ́n fi ń gbé gíláídà, láti lọ gbé e bí afẹ́fẹ́ bá kú lọ́nà. Olóògbé wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń gé aṣọ. Fóònù dún. Àwòrán wọlé: odò tí ó tẹ̀ bí ìkọ́, òrùlé pupa ilé iṣẹ́ bíríkì, ìkùukùu dúdú lápá kan. Ọpẹ́ kún inú gúrúùpù. Bàbá ti balẹ̀. Ẹ kú ewu. Ẹ̀gbọ́n láti ìlú òkèèrè kọ ọ́ pé àwòrán yìí mà rẹwà o. Àkọ́bí pè pé òun ti ń wá sílé nítorí òjò. Olóògbé ní kí ó máa bọ̀ jẹ́jẹ́, ó fi sísọ́ọ̀sì lélẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó fẹ àwòrán náà lójú láti wá òwú rẹ̀. Òwú náà nà gbọnrangandan bí abẹ́rẹ́.

Ó pe ọkọ rẹ̀. Fóònù dún títí, kò sí ẹni tó gbé e. Ó pe olùtọ́jú pápá kejì. Ìyẹn ní òun kò rí ìyẹ́ kankan láti àárọ̀. Ó kọ ọ́ sínú gúrúùpù: “Ẹ má dúpẹ́ mọ́. Òwú ò tíì sùn.”

“Màmá, ẹ̀rù yín tún ti dé,” ni àbígbẹ̀yìn fèsì. “Inú bọ́ọ̀sì ni Bàbá wà.”

Nígbà tí àkọ́bí dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó bá ìyá rẹ̀ lójú títì nínú òjò. Olóògbé wọ mọ́tò. Ọ̀nà tó wà láàárín pápá méjèèjì gùn, oko ló pọ̀ jù níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí ilé iṣẹ́ bíríkì náà wà. Olóògbé pe onígbàjámọ̀.

“Ilé iṣẹ́ bíríkì,” ni bàbá arúgbó náà wí. “Ó wà nínú fídíò kan. Èyí tó ti sọ̀rọ̀ odò. Ìwọ nìkan ni o ò wò ó.”

Àkọ́bí bá a wá fídíò náà jáde lórí fóònù rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n dúró lẹ́bàá ọ̀nà, kí n bá yín wò ó,” ni ó wí.

“Wa mọ́tò rẹ.”

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí kò lè gun àga ṣe jókòó nínú mọ́tò tí ń sáré, tí ó wo ayé láti òkè. Ilẹ̀ ń yí lábẹ́ rẹ̀. Ó di bẹ́líìtì mú, kò dijú. Odò náà kọjá, òrùlé pupa yọ, ohùn ọkọ rẹ̀ sì gba inú afẹ́fẹ́ wá, ó dárúkọ ọ̀nà tí ó wà nítòsí ibẹ̀, ó ní: “Bí afẹ́fẹ́ bá já mi kulẹ̀ níbí, ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ yìí ni n ó sọ̀ sí. Pápá ẹran ni, ó tẹ́jú. Ẹ má sọ fún ìyàwó mi.”

Wọ́n bá ọkọ̀ náà níbẹ̀, imú rẹ̀ wọ inú igbó ọgbà, ìyẹ́ kan ti ṣẹ́. Olóògbé ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òwú pupa ti tutù, ó wó lulẹ̀ sórí gíláàsì tó fọ́. Àyà rẹ̀ já ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí òwú lè sọ pé ọkọ̀ ti dúró, kò lè sọ bí ẹni inú rẹ̀ ti wà. Ó ti ọwọ́ bọ inú ihò gíláàsì náà. Ọwọ́ kan dì í mú.

“Ta ló sọ ibi tí mo wà fún ọ?” ni ọkọ rẹ̀ bèèrè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́, fóònù rẹ̀ sì ti fò lọ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó.

“Ẹ̀yin náà ni,” ni olóògbé wí. “Ẹ tiẹ̀ ní kí wọ́n má sọ fún mi.”

Ẹsẹ̀ náà jinná. Àwòdì ní òun yóò fi fífò sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹni tí ó bá fi sílẹ̀ nítorí ẹ̀rù ẹlòmíràn yóò máa fi ojú bá ẹni náà jà nínú ilé. Ó fò títí di ọdún 2019 tí dókítà dá a dúró. Láti ìgbà ìjàǹbá náà, olóògbé kúrò ní ilé ìdáná, ó ń jókòó ti onígbàjámọ̀, ó ń wo fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù kò fi í sílẹ̀ rí. Ó kàn ń wò ó ni.

Ó jẹ́ onígbàgbọ́ tí ń fi orúkọ pe ènìyàn nínú àdúrà, bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà. Ó rán kọ́tìnì ilé ìwòsàn tí ìyá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, kò gba nǹkan kan. Ó kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ní iṣẹ́, ó sì ń dá wọn dúró kí wọ́n tó gun àga: “Fi ọwọ́ mi àga náà ná.”

Ní ọdún 2023, àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Yàrá òkè ni wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn, ó sì ní kí wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì òun kúrò lójú fèrèsé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, “Ẹ̀rù ń bà mí, bàbá àwọn ọmọ mi.” Ọkọ rẹ̀ kò ní kó má bẹ̀rù. Ó ti lọ sí ìdí agbọ̀n rẹ̀ nílé, ó ti gé òwú pupa kan wá. Ó so ó mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì níbi tí ojú rẹ̀ lè tó o, ó sì pa fèrèsé dé. Òwú náà mì díẹ̀. Olóògbé tẹjú mọ́ ọn títí ó fi dúró, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ọwọ́ ọkọ rẹ̀ nígbà tí ó lọ.

Ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí ẹ̀rù ilé wà lọ́rùn rẹ̀ báyìí, tí ó ń pe ọmọ kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá wọ́n ti délé. Ó fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú òkèèrè. Àkọ́bí rẹ̀ mẹkáníìkì. Ọmọbìnrin rẹ̀ nọ́ọ̀sì. Àbígbẹ̀yìn tí ó ra kámẹ́rà, tí ìyá rẹ̀ kò dá lẹ́bi rí. Àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́fà, tí ọ̀kan nínú wọn ti ní òun yóò fò. Àti onígbàjámọ̀, tí ó ní kí a kọ òun mọ́ ẹbí.

Ìyá Aránṣọ-Kọ́tìnì, ìwọ tí o dúró nílẹ̀ fún gbogbo wa, a ti rí àwòrán náà. O ti balẹ̀. Kí ilẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí Olúwa wa gbà ọ́ mọ́ra, kí ẹ̀rù má mọ ibi tí o sùn sí. Sùn re o.