Ẹsẹ̀ Tó Ń Tẹ Maṣíìnì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta
Dókítà ti dárúkọ rẹ̀. Orúkọ gígùn, mi ò lè kọ ọ́. Ó ní àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ẹsẹ̀ dà bí wáyà tí rọ́bà rẹ̀ ń bó. Kò sí oògùn tó ń wò ó tán. Eré ìdárayá wà. Ó fà mí lé ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ni bí a ṣe ń na ara lọ́wọ́ — Rọra-Rọra ni mo sọ ọ́, kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Gbé ẹsẹ̀, sọ ọ́ kalẹ̀, sinmi. Kùtùkùtù àárọ̀, nígbà tí ilé ṣì tutù.
Ẹsẹ̀ òsì — Àlejò ni mo ń pè é báyìí, ìgbà tó bá wù ú ló ń wá — gbọ́dọ̀ padà sórí maṣíìnì kí aṣọ àwọn ọmọ iléèwé tó dé. Aránṣọ tí kò lè tẹ maṣíìnì rẹ̀, kí ló kù?

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Agbára ni mò ń ṣọ́ ná báyìí. Bí mo bá ná an sórí aṣọ fífọ̀, kò ní kù fún ẹsẹ̀ nínà. Bàbá ilé, ọkọ mi, ló fọ aṣọ, ó ń kùn bí oyin.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé. Ó wo Àlejò, ó pòṣé. Ó ní ta ló ń na ara tútù? Irin pàápàá, iná ló ń mú un rọ̀! Ó ti fèrèsé, ó fi omi gbígbóná wẹ̀ mí, ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí, ó ní ó yá, gbé e. Mo làágùn bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Inú ẹ̀gbọ́n dùn. Èmi náà gbà á gbọ́ — ohun tó bá ni èèyàn lára ló ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
A tún ṣe é. Ojú mi ṣú. Mi ò rí ihò abẹ́rẹ́. Mo dìde, Àlejò kò dìde. Ilẹ̀ ni mo bá ara mi.

Àìkú
Mi ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá
Rọra-Rọra kò bá mi jà. Ì bá sàn kó jà. Ó ní ooru àti àìsàn yìí kì í rẹ́. Bí ara bá tutù, ojú á là. Lóòótọ́, ó ti là. Ó ní kí n ṣí fèrèsé, kí n fi táwẹ̀lì tútù sọ́rùn.
Mo wá bi í: ìgbà wo ni ẹsẹ̀ yóò padà sórí maṣíìnì? Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ìyá, eré yìí kì í pe ohun tó lọ padà o. Èyí tó kù ló ń bá wa ṣọ́."
Mo dúpẹ́. Bàbá ilé bi mí pé kí ló sọ. Mo ní ó ní kí n rọra.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Ìdájí, fèrèsé ṣí. Mo na ẹsẹ̀, mo sinmi, mo jókòó ti maṣíìnì. Ojú rírán kò tíì gùn tó ìka, Àlejò ti lọ. Mò ń pàṣẹ, kò sẹ́ni nílé.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Ẹ̀gbọ́n wá bẹ̀ mí. Ó sunkún títí ó fi di pé èmi ni mò ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo ní ẹ dákẹ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé ẹsẹ̀ mi lọ. Ó ti ń lọ kí ẹ tó dé. Aṣọ iléèwé ti dé, òkítì kan lórí tábìlì. Ó wò ó. Ó fa àga, ó jókòó tì mí, ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ sórí maṣíìnì.
"Ìwọ mú aṣọ, èmi á máa tẹ̀."
Ọwọ́ mi ṣì gbọ́n. Mò ń darí aṣọ, ó ń tẹ̀. Maṣíìnì mi ń dún bó ṣe máa ń dún, àmọ́ kì í ṣe èmi ló ń tẹ̀ ẹ́. Òwú lọ tààrà. Omi ojú já bọ́ sórí aṣọ, mo fi àtàǹpàkò nù ún kó tó ràn.
Ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣé mò ń yára jù ni?"
Mo ní rárá.